Etí àti ojú: bí ẹ ṣe lè kọ mọ́dẹ́lì tó ń ríran bí ẹ̀yìn ọpọlọ ṣe ń ríran

Ẹ gbé ife funfun kan sórí tábìlì, ẹ jókòó síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ò ní rí láìnì kankan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà yí i ká, síbẹ̀ tí mo bá ní kẹ́ ẹ ya ife yẹn sórí ìwé, láìnì lẹ máa kọ́kọ́ fà. Níbo lẹ ti rí láìnì náà? Kò sí nínú fọ́tò o, torí nọ́ńbà nìkan ló wà nínú fọ́tò, píksẹ́lì kan 180, èyí tó tẹ̀ lé e 182, èyí tó tún tẹ̀ lé e 90. Ọpọlọ yín ló fa láìnì yẹn. Ẹ̀yìn orí níbi tí wọ́n ń pè ní V1 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí fà á, V2 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló wá ń bá a ṣe èyí tó kù.

Èdè wa tiẹ̀ ti pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì fún wa tipẹ́. Etí abọ́, etí aṣọ, etí odò: ibi tí nǹkan parí sí nìyẹn. Ojú ilẹ̀, ojú omi, ojú tábìlì: ibi tó tẹ́ lọ nìyẹn. Iṣẹ́ méjì tí ẹ̀yìn ọpọlọ ń ṣe náà nìyẹn gẹ́lẹ́, ó ń wá etí, ó sì ń kun ojú. Mo máa ń rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ kóòdù tí wọ́n á ju fílítà etí kan sórí fọ́tò, láìnì funfun á jáde lórí ilẹ̀ dúdú, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí rárá. Láìnì yẹn ò mọ èwo ni ti ife èwo ni ti tábìlì, kò sì mọ̀ pé ife náà funfun. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, ká bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà lásán, ká má sì dúró títí kọ̀ǹpútà á fi lè sọ pé etí yìí, ife ló ni ín.

Láptọ́ọ̀pù lásán tó o. Ẹ fi Python sí i, NumPy, SciPy, àti Matplotlib tẹ́ẹ máa fi wo àwòrán. Ẹ ya fọ́tò ife yẹn, ẹ gé e sí píksẹ́lì 256 lọ́nà 256. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi kóòdù ya àwòrán mẹ́ta: ọ̀kan tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan tó ní láìnì tó dà gẹ̀rẹ̀ ní dígírì 45, ọ̀kan tó ní igun mẹ́rin funfun láàárín ilẹ̀ eérú. Gbogbo ìgbésẹ̀ tá a máa gbé, orí àwọn mẹ́ta yìí lẹ máa kọ́kọ́ dán an wò, torí ẹ ti mọ ìdáhùn wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ológbò yẹn ná

Ní 1958 David Hubel àti Torsten Wiesel wà ní Johns Hopkins ní Baltimore, nínú láàbù Stephen Kuffler. Wọ́n ti ki wáyà tín-ín-rín kan bọ ẹ̀yìn ọpọlọ ológbò, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n á fi máa gbọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, wọ́n wá ń fi àmì rìbìtì dúdú tó wà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ han ojú ológbò náà. Sẹ́ẹ̀lì ò dá wọn lóhùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àfi bí wọ́n ṣe ń ti gíláàsì míì bọ inú ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí dún bí ìbọn arọ̀jò-ọta. Wọ́n ṣe é títí kó tó yé wọn pé àmì dúdú yẹn ò kan sẹ́ẹ̀lì náà, òjìji etí gíláàsì tó ń kọjá lójú ológbò ni sẹ́ẹ̀lì náà ń dá lóhùn, tí etí náà bá sì yí kúrò ní ìdúró tí sẹ́ẹ̀lì yẹn fẹ́, á tún dákẹ́. Wọ́n gbé ìwé wọn àkọ́kọ́ lórí ẹ̀ jáde ní 1959, wọ́n sì gba Nobel ní 1981. Sẹ́ẹ̀lì yẹn la fẹ́ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ kọ́ ojú tó ń fún un lóúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọ fọ́tò mọ́

Nọ́ńbà tó wà nínú fọ́tò JPEG tí fóònù yà, kì í ṣe iye ìmọ́lẹ̀ gan-an, fóònù ti fún un pọ̀ kó tó tọ́jú ẹ̀. Ẹ fi 255 pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé èyí tó jáde sí agbára 2.2, ìyẹn á sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ gidi. Kẹ́ ẹ wá lè sọ ọ́ di eérú, ẹ mú 0.2126 nínú pupa, 0.7152 nínú àwọ̀ ewé, 0.0722 nínú búlúù, kẹ́ ẹ pa wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi 0.01 kún un, kẹ́ ẹ fi np.log mú log ẹ̀. 0.01 yẹn ló ń gbà wá lọ́wọ́ log òdo, tó jẹ́ pé tí kò bá sí, gbogbo ibi tó dúdú kirikiri á kàn bàjẹ́.

Kí ló dé tá a fi ń mú log? Ká ní tábìlì ń dá ìmọ́lẹ̀ 20 padà, ife ń dá 80 padà. Ẹ wá pa gílóòbù kan nínú méjì. Tábìlì di 10, ife di 40. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn tó jẹ́ 60 ti di 30, ṣùgbọ́n ife ṣì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin tábìlì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Log 4 ni 1.386, pẹ̀lú gílóòbù méjì o, pẹ̀lú ẹyọ kan o, kò yẹ̀. Ojú yín náà ò sọ pé ife ti di dúdú torí pé gílóòbù kan kú.

Ìgbésẹ̀ kejì: rẹ́tínà

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú kan lé ní mílíọ̀nù 100, bẹ́ẹ̀ okùn tó ń gbé ìròyìn jáde láti ẹyinjú yẹn lọ sí ọpọlọ ò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ìdí nìyẹn tí rẹ́tínà, ìyẹn awọ ẹ̀yìn inú ẹyinjú níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn wà, ò fi lè máa ròyìn gbogbo nǹkan, ibi tí nǹkan ti yí padà ló ń sọ. Kuffler ló fi han ayé ní 1953, lára ológbò náà ni: sẹ́ẹ̀lì tó ń jáde láti rẹ́tínà fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láàárín kò sì fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má fẹ́ ẹ láàárín. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dọ́gba láàárín àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó máa sọ ò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é ká tó kọ kóòdù. Mo máa fi log sílẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Píksẹ́lì mẹ́jọ lórí ìlà kan, láti tábìlì bọ́ sórí ife:

20 20 20 20 80 80 80 80

Fílítà wa ni −1, 2, −1. Ìyẹn ni pé ẹ sọ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan di méjì, kẹ́ ẹ yọ ti ọwọ́ òsì ẹ̀ àti ti ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kúrò. Ohun tó jáde:

0 0 0 −60 60 0 0 0

Ẹ wò ó dáadáa. Ojú tábìlì ti pòórá, ojú ife ti pòórá, ibi tí wọ́n ti pàdé nìkan ló kù, etí náà sì wà gẹ́lẹ́ níbi tí nọ́ńbà ti ré kọjá òdo, láàárín −60 àti 60. David Marr àti Ellen Hildreth ló gbé ọ̀rọ̀ ìré-kọjá-òdo yìí kalẹ̀ ní 1980.

Lórí fọ́tò, ẹ ò ní lo nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ ṣe Gaussian méjì, ìyẹn fílítà tí nọ́ńbà ẹ̀ ga láàárín tó sì ń rọra lọ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, sigma ló ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó: ọ̀kan kékeré tí sigma ẹ̀ jẹ́ 1, ọ̀kan tó fẹ̀ tí sigma ẹ̀ jẹ́ 1.6, kẹ́ ẹ yọ èyí tó fẹ̀ kúrò lára èyí tó kéré. 1.6 yẹn, Marr àti Hildreth náà ló yàn án. Sẹ́ẹ̀lì ò lè dún ní iye tó kéré ju òdo lọ, torí náà ẹ pín èsì sí ìwé méjì: ohun tó ju òdo lọ bọ́ sí ON, ohun tó wà lábẹ́ òdo, ẹ yọ àmì ìdín kúrò níwájú ẹ̀ kó bọ́ sí OFF.

Ibí yìí lọ́pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo nọ́ńbà inú fílítà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Nígbà tí mo kọ tèmi àkọ́kọ́, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo ti gé etí Gaussian tó fẹ̀ yẹn kù díẹ̀, àpapọ̀ wá ku 0.02. Ó kéré lójú, àbí? Ṣùgbọ́n ojú tó tẹ́ lọ tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 200 á máa mú 4 jáde níbi gbogbo, mo wá ń rí etí níbi tí kò sí etí, mo sì lo ọjọ́ méjì ń wá àléébù nínú àwọn ìgbésẹ̀ tó wà níwájú tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ kan ṣoṣo tí mo ní kẹ́ ẹ yà yẹn, ibí lẹ máa lò ó. Tó bá kọjá nínú fílítà yín tí ohun tó jáde kì í ṣe òdo jákèjádò, ẹ má lọ síwájú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán nìkan ló ń tàn yòò, kóòdù yín ń fi òdo kún ìta fọ́tò nìyẹn, ẹ yí i sí reflect kó máa fi fọ́tò fúnra ẹ̀ ṣe dígí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: sẹ́ẹ̀lì Hubel àti Wiesel

Àlàyé tí àwọn méjèèjì ṣe rọrùn: ẹ to àwọn sẹ́ẹ̀lì aláàárín-òun-ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sórí ìlà kan, kẹ́ ẹ ní kí gbogbo wọn máa sọ̀rọ̀ sétí sẹ́ẹ̀lì kan ní V1. Etí tó bá dúró bí ìlà yẹn á kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ẹ̀lì á pariwo. Nínú kóòdù, Gabor la fi ń ṣe é, ìyẹn Gaussian tá a fi ìgbì kọsáìnì lù. John Daugman ṣàlàyé bó ṣe bá V1 mu ní 1985. Ní 1996 Bruno Olshausen àti David Field wá ṣe ohun kan tó jẹ́ pé mi ò lè má sọ ọ́, wọ́n kó fọ́tò inú ìgbẹ́ fún kọ̀ǹpútà, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ etí fún un rárá, wọ́n kàn ní kó wá fílítà tó máa jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ péré lá máa ṣiṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣàpèjúwe fọ́tò kọ̀ọ̀kan, àwọn fílítà tó jáde sì jọ ti V1. Ìyẹn ni pé bí ayé ṣe rí gan-an ló ń bèèrè irú fílítà yìí.

Ẹ gba nọ́ńbà yìí kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Gígùn ìgbì 8 píksẹ́lì, sigma 0.56 ìgbì yẹn tó jẹ́ 4.48, kí fílítà gùn ní ìlọ́po méjì fífẹ̀ ẹ̀. Ìdúró mẹ́jọ: 0, 22.5, 45, títí dé 157.5. Ìdúró kọ̀ọ̀kan á ní ìbejì, ọ̀kan fi kọsáìnì ṣe, ọ̀kan fi sáìnì ṣe. Ti kọsáìnì yẹn, ẹ yọ ìpíndọ́gba ẹ̀ kúrò kí àpapọ̀ ẹ̀ lè jẹ́ òdo, mo ti sọ ìdí ẹ̀. Fèrèsé fílítà ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ tó gùn yẹn ní sigma 8.96, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún á sún mọ́ 27, torí náà fèrèsé 55 lọ́nà 55 lẹ nílò, ẹ má gé e sí 15 bí mo ṣe ń rí i káàkiri. Torí pé ó tóbi, ẹ lo fftconvolve inú SciPy, àmọ́ ẹ ti fi np.pad kún ẹ̀gbẹ́ fọ́tò fúnra yín ná torí fftconvolve ò mọ reflect. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe pẹ̀lú ìgbì 4 àti ìgbì 16.

Ibo la ń fi ON àti OFF wọlé? ON tá a yọ OFF kúrò lára ẹ̀ lẹ máa gbé fún Gabor. Ẹ wá mú àwòrán láìnì 45 yẹn jáde. Ìdúró wo ló tàn jù? Tó bá jẹ́ 135, ẹ má bínú sí kóòdù. Ó lè jẹ́ pé igun tí ìgbì ń bá lọ lẹ kọ, bẹ́ẹ̀ etí máa ń dábùú ìgbì ni, ìyàtọ̀ 90 ló wà láàárín wọn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ gbàgbé pé nínú àwòrán kọ̀ǹpútà, ìlà òdo wà lókè, nọ́ńbà ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sókè kóòdù, kẹ́ ẹ sì dì í mú títí dé ìparí, torí ìgbésẹ̀ kẹjọ, níbi tá a ti máa ya ọfà, ò ní dárí jì yín tẹ́ ẹ bá rú u.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: agbára, kí etí má bàa máa yí ohùn padà

Sẹ́ẹ̀lì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní wàhálà kan, tí etí bá sún síwájú píksẹ́lì méjì, èsì ẹ̀ yí padà, tó bá jẹ́ funfun sí dúdú dípò dúdú sí funfun, àmì ẹ̀ yí padà. Hubel àti Wiesel rí sẹ́ẹ̀lì míì tí ìyẹn ò kàn, ó ṣáà fẹ́ etí ní ìdúró tiẹ̀ ni. Ọ̀nà tí Edward Adelson àti James Bergen lò ní 1985 fún ìrìn nǹkan la máa yá lò: ẹ mú èsì kọsáìnì, ẹ fi ara ẹ̀ lù ú, ẹ mú èsì sáìnì, ẹ fi ara ẹ̀ lù ú, kẹ́ ẹ pa méjèèjì pọ̀. Tí kọsáìnì bá mú 3 wá tí sáìnì mú 4 wá, 9 àti 16 jẹ́ 25. Tí etí bá sún díẹ̀ tí kọsáìnì di 5 tí sáìnì di 0, 25 náà ni. Ẹ pe èyí ní E.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí aládùúgbò pín in

E ò mọ ìwọ̀n. Etí ife tó tàn yòò lè mú 400 wá, èyí tó wà lábẹ́ òjìji lè mú 100 wá, bẹ́ẹ̀ etí kan náà ni wọ́n. David Heeger kọ ìdáhùn ẹ̀ ní 1992: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àpapọ̀ àwọn aládùúgbò ẹ̀ pín in. R = E ÷ (s² + N), N ni àpapọ̀ E gbogbo ìdúró ní agbègbè ibẹ̀, s² ni nọ́ńbà kékeré kan tó ń dá ariwo dúró. Ẹ fi s² sí 10. Níbi òjìji, E 100, N 300, R jẹ́ 0.32. Níbi tó tàn, E 400, N 1200, R jẹ́ 0.33. Wọ́n ti dọ́gba. Ẹ wá wo ariwo kámẹ́rà lásán, E 1, N 3, R ò ju 0.08 lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, ìlà kóòdù kan péré ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí mọ́dẹ́lì tẹ́ ẹ kọ́ sínú yàrá lè ṣiṣẹ́ níta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ so etí tó já

Níbi tí àwọ̀ ife àti àwọ̀ ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti jọra, etí á já. Ọpọlọ kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya rìbìtì dúdú mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé, ẹ gé ìdámẹ́rin kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan níhà tó kọjú sí àárín, ẹ máa rí igun mẹ́rin funfun kan tó dúró síwájú wọn, etí ẹ̀ á sì hàn kedere níbi tí ẹnikẹ́ni ò fa nǹkan sí. Gaetano Kanizsa ní Ítálì ló gbé irú àwòrán yìí jáde ní 1955. Ní 1984 Rüdiger von der Heydt, Esther Peterhans àti Günter Baumgartner rí sẹ́ẹ̀lì ní V2 ọ̀bọ tó ń dún fún etí tí kò sí yìí bí ìgbà tó wà.

Bá a ṣe máa ṣe é nìyí, ọ̀nà Stephen Grossberg àti Ennio Mingolla ti 1985 ni mo gbà, mo kàn dín in kù. Fún ìdúró kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe apá méjì tó gùn lọ sí ìhà méjèèjì etí náà, kí apá kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní píksẹ́lì 5 sí àárín kó sì dé 40. Apá kọ̀ọ̀kan á kó R tó bá a dúró bákan náà jọ. Lẹ́yìn náà ẹ má pa apá méjèèjì pọ̀ o, èyí tó kéré jù nínú wọn lẹ máa mú. Bíi ti afárá ni, etí odò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀, láìnì kọ̀ọ̀kan á máa gùn jáde kọjá ibi tó parí sí, ife yín á hu irun.

Fún ìdánwò, kí rìbìtì yín ní rédíọ̀ọ̀sì 30, kí àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ 100. Ibi tó ṣófo á jẹ́ 40, láti àárín ẹ̀ etí gidi ò jìnnà ju 20 lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ apá yín á tó o. Tí etí igun mẹ́rin yẹn bá yọ, ẹ fi kún R kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ojú

Ní 1963 John Krauskopf lo ẹ̀rọ tó ń bá ìrìn ojú rìn, kí ààlà tó wà láàárín àwọ̀ méjì má bàa sún rárá lórí rẹ́tínà. Àwọ̀ kan wà láàárín, àwọ̀ míì yí i ká, ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló dì mú. Nígbà tó yá, ààlà yẹn ṣá mọ́ olùwòran lójú, àwọ̀ tó wà níta sì ṣàn wọ inú, gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ẹni náà láti àárín ò yí padà o. Àwọ̀ ojú nǹkan, látọ̀dọ̀ etí ẹ̀ ló ti ń wá.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà etí máa ṣàn lọ sí inú, kí etí sì máa dá a dúró bí ògiri. Ẹ rántí ìlà wa, 0 0 0 −60, ògiri, 60 0 0 0. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó ṣàn títí tó fi tòrò, −60 pín sọ́nà mẹ́rin á di −15 níbi gbogbo lápá òsì, apá ọ̀tún á di 15 níbi gbogbo. Ojú ti kún. Ṣùgbọ́n ká ní píksẹ́lì 40 ni ife yẹn fẹ̀ dípò 4? 60 pín sọ́nà 40, 1.5. Ife ńlá á wá dúdú ju ife kékeré lọ torí pé ó fẹ̀ nìkan. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni mo ń lò, èrò inú ẹ̀ wá látọ̀dọ̀ Edwin Land àti John McCann, 1971. Ẹ má gbé iye rìn, ìyàtọ̀ lẹ máa gbé. Ẹ wo ìlà yìí:

50 50 48 44 56 52 50 50

Ìpẹ̀kun méjèèjì jẹ́ 50, wọ́n dọ́gba. Ìyàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì: 0, −2, −4, 12, −4, −2, 0. Ẹ ní kí gbogbo ìyàtọ̀ tí kò tó 5 di òdo, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń rọra yí padà ni, etí kọ́. Ó ku 0, 0, 0, 12, 0, 0, 0. Ẹ wá tún un kọ́ láti òsì:

0 0 0 0 12 12 12 12

Kọ̀ǹpútà sọ pé apá ọ̀tún funfun ju apá òsì lọ! Ẹ ya irú ìlà yẹn sórí ìwé kó fẹ̀, ojú tiyín náà á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Orúkọ Craik, O'Brien àti Cornsweet ni wọ́n fi ń pe àṣìṣe ojú yìí, mọ́dẹ́lì wa sì ṣe àṣìṣe náà bí èèyàn ṣe ń ṣe é. Bí mọ́dẹ́lì bá kùnà níbi tí ọpọlọ ti ń kùnà, ìgbà yẹn ni mo máa ń gbà pé a ti ń sún mọ́ ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà.

Lórí fọ́tò, ẹ ò lè kàn máa pa á pọ̀ láti òsì, torí ọ̀nà tẹ́ ẹ bá gbà á yí ìdáhùn padà. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ ṣírò ìyàtọ̀ sí ọ̀tún àti ìyàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ nínú fọ́tò tó ti wà ní log. Ẹ fi R ṣe ẹnu ọ̀nà, níbi tí R ò bá tó 0.1, ìyàtọ̀ á di òdo. Ẹ fẹ ẹnu ọ̀nà yẹn ní píksẹ́lì mẹ́rin sí ìhà gbogbo, torí etí inú fọ́tò gidi máa ń tàn ká píksẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó bá há jù, ìdajì àwọ̀ ife á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mú ìyàtọ̀ ti ìyàtọ̀, ẹ pè é ní d, kẹ́ ẹ wá máa tún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe báyìí: u = (òkè + ìsàlẹ̀ + òsì + ọ̀tún − d) ÷ 4. Ẹ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe. Lórí 256 lọ́nà 256, èyí á gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá kó tó tòrò, kò sì sí ọpọlọ tó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́tò tẹ́ ẹ ti fún pọ̀ sí 32 lọ́nà 32, kẹ́ ẹ fi èsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ 64, títí dé 256. Nígbà tẹ́ ẹ bá parí, ẹ ní kí èyí tó mọ́lẹ̀ jù jẹ́ funfun, ohun tó kù á tò sábẹ́ ẹ̀. Òjìji tó rọra bo tábìlì á ti lọ, ojú ife á tẹ́ bí ẹni fi ọ̀dà kùn ún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ta ló ni ààlà?

Lóko, wọ́n lè gbin pèrègún sáàárín ilẹ̀ ẹni méjì, tèmi ni ìhà ibí, tìrẹ ni ìhà ọ̀hún, ààlà yẹn sì jẹ́ ti àwa méjèèjì. Nínú ìríran, kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ife, ife nìkan ló ni ín. Tábìlì ò parí síbẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ife kọjá. Edgar Rubin ti fi hàn ní 1915 pẹ̀lú àwòrán tó lè jẹ́ ìkòkò òdòdó tàbí ojú èèyàn méjì tó kọjú síra, láìnì kan náà ni, ẹni tó ni ín ló ń yí padà. Ní 2000 Hong Zhou, Howard Friedman àti von der Heydt rí i pé lé ní ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì etí tí wọ́n yẹ̀ wò ní V2 ọ̀bọ ló ń dún yàtọ̀ tí ohun tó ni etí náà bá wà lápá òsì sí ìgbà tó bá wà lápá ọ̀tún, kódà nígbà tí inú fèrèsé kékeré tí sẹ́ẹ̀lì náà ń wò ò yí padà rárá. Ìyẹn ni pé ẹnì kan tó ń wo agbègbè tó fẹ̀ jùyẹn lọ ló ń sọ fún un.

Ẹni yẹn la máa kọ́. Ẹ ṣe sẹ́ẹ̀lì akójọ, rìbìtì tó ní rédíọ̀ọ̀sì 8, 16, 32, àti 64. Rìbìtì kọ̀ọ̀kan á wo ìlà òde ara ẹ̀, á máa kó etí tó tẹ̀ lé ìlà yẹn jọ, èyí tó bá dábùú ẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Nínú kóòdù, ẹ gé rìbìtì sí fílítà mẹ́jọ, ìdúró kọ̀ọ̀kan á ní ìgé méjì tó kọjú síra, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí R ìdúró tiẹ̀, kẹ́ ẹ pa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi gígùn ìlà òde pín in kí rìbìtì ńlá má bàa fi ìtóbi jẹ gàba. Ẹ pe èsì yìí ní G. Àárín rìbìtì tó bá wà nínú nǹkan á tàn, torí etí yí i ká. Wàyí, fún píksẹ́lì etí kọ̀ọ̀kan, ẹ wo G ní ìhà méjèèjì tó dábùú etí náà, ní jíjìnnà 8, 16, 32, 64, ẹ pa tòsì pọ̀, ẹ pa tọ̀tún pọ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, kẹ́ ẹ fi àpapọ̀ méjèèjì pín in. Ó máa wà láàárín −1 àti 1, ẹ ya á bí ọfà.

Ẹ gbé igun mẹ́rin funfun yẹn síwájú ẹ̀. Gbogbo ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sínú. Ẹ wá sọ igun mẹ́rin di dúdú, kí ilẹ̀ di funfun, kẹ́ ẹ tún un rán. Tí ọfà kan bá yí padà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, àmì funfun sí dúdú ti jò kọjá.

Ìgbà yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè gbé fọ́tò ife wá. Ara ife, ọfà á kọjú sínú ife. Ẹnu ife náà á ṣe dáadáa. Ẹ wá wo ọwọ́ ife, ihò tí ìka ń gbà kọjá. Ọfà inú ihò yẹn á kọjú sí àárín ihò, torí etí yí i ká, sẹ́ẹ̀lì akójọ wá rò pé nǹkan kan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ tábìlì là ń rí láàárín ẹ̀. Etí nìkan ò lè yanjú èyí láé, rìbìtì tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ náà ò lè yanjú ẹ̀. Ojú ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ lọ sí u tá a kọ́ ní ìgbésẹ̀ keje, ẹ wo nọ́ńbà inú ihò, ẹ wo nọ́ńbà tábìlì tó wà níta ọwọ́ ife. Tí ìyàtọ̀ wọn nínú log ò bá tó 0.1, ojú kan náà ni wọ́n, tábìlì ló gba ẹ̀yìn kọjá. Ẹ sọ G inú ihò yẹn di òdo, kẹ́ ẹ ṣírò ọfà lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wo bí ọfà inú ihò ṣe máa yí ẹ̀yìn padà sí àárín, kó kọjú sí ọwọ́ ife tó ni ín.